Bí Ìyá Búrẹ́kì Ṣe Gba Orí Rẹ̀ Padà

Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Búrẹ́kì, ṣáà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ńlá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì tó ti kógbá sílé, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà. Ohùn rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ gbọ́ kí o tó rí ọkọ̀. "Búrẹ́kì! Mo ní búrẹ́kì! Àbí ẹ fẹ́ ká wọ inú ògiri ni?" Ọkọ̀ pupa kékeré náà á ta gìdì, á dúró, orí akẹ́kọ̀ọ́ á mì síwá mì sẹ́yìn bíi ti alángbá, Ìyá Búrẹ́kì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin kúkúrú ni, ara rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Bó bá ń jẹun, á máa sọ̀rọ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ bí ẹni pé búrẹ́kì wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Télọ̀, kò jọ ọ́ rárá. Ọkùnrin gíga, oníwà pẹ̀lẹ́, tó lè jókòó ti maṣíìnì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí o má gbọ́ ju "ẹ kú àbọ̀" lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kọ́ mọ́tò, kò gbà. "Abẹ́rẹ́ ni mo lè darí," á wí. "Bí abẹ́rẹ́ bá ṣìnà, ìka mi nìkan ló máa gún."

Ọ̀sán gangan ni nǹkan ọ̀hún ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, akọ̀wé ilé ẹjọ́ tó fẹ́ràn bàtà tó nípọn nísàlẹ̀, ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn wọ àárín táyà méjì tí wọ́n tò sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn táyà náà ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, ni Ìyá Búrẹ́kì bá bọ́ sílẹ̀ láti lọ tún un gbé. Ó ní kí akọ̀wé pa ọkọ̀. Akọ̀wé rò pé òun ti pa á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ sì fò sẹ́yìn bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbá obìnrin náà lágbára, ṣùgbọ́n ó tì í ṣubú, ẹ̀gbẹ́ òsì orí rẹ̀ sì lọ bá etí kọnkéré.

Ó dìde fúnra rẹ̀. Ó tiẹ̀ tún fi bàtà akọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó wá sùn lọ lórí ìjókòó ọkọ̀, wọ́n jí i jí i, kò jí.

Nílé ìwòsàn, dókítà tó máa ń ṣiṣẹ́ abẹ orí, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣàlàyé fún Télọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú orí, ọpọlọ ń wú, kò sì ríbi wú sí, nítorí agbárí dà bí ìkòkò tí wọ́n dé pa. Wọ́n ní láti ṣí apá kan ìkòkò náà kí ọpọlọ tó lè mí. Egungun tí wọ́n yọ níbẹ̀ ti rún, kò ṣeé dá padà. Bó bá yá, tí ara rẹ̀ bá ti le, wọ́n á ṣe òmíràn tó bá orí rẹ̀ mu.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Búrẹ́kì ṣe di ẹni tó ń gbé orí tó jin kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kiri. Awọ nìkan ló bo ibẹ̀. Bó bá dìde dúró, ibẹ̀ á rì wọnú bí ìrọ̀rí tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbórí kúrò lórí rẹ̀. Ó ní láti máa dé akoto, títí kan inú ilé. Télọ̀ bá jókòó, ó rán àwọn fìlà olówùú tó máa wà lábẹ́ akoto náà, kó má bàa máa ha á lórí: aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn, ọ̀kan tiẹ̀ ní ìlà-ìlà bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Búrẹ́kì obìnrin, tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, kó ẹrù rẹ̀ wá, ó ní òun ò lọ mọ́.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Èmi ni ojú rẹ báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú yìí ti pọ̀ jù. Ṣé inú balùwẹ̀ náà lẹ fẹ́ bá mi wọ̀ ni?"

"Bí o bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀ ńkọ́? Ó yá, wẹ̀ ká lọ."

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa fi dí orí náà wá kù sí dẹ̀dẹ̀, inú Ìyá Búrẹ́kì dùn bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Dókítà fi àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n máa fi sí i hàn wọ́n: irin fẹ́lẹ́ tó ní ihò wẹ́wẹ́, tó tẹ̀ kọrọdọ bí àfọ́kù igbá. Ó ní ẹ̀rọ ló wọn orí rẹ̀ tí wọ́n fi gé e. Télọ̀ gbà á, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yípo.

"Wọ́n mọ aṣọ gé níbí o," ló wí. Ẹ̀rín pa dókítà.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ geere. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di orí rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ gbé dígí wá!" Ó wò ó. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ó fi ọwọ́ rọra kan án.

"Télọ̀! Ó ti dọ́gba! Ẹ wò ó, orí mi ti róbótó bí orí ènìyàn!"

Gbogbo àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, títí kan ìyá arúgbó kan tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ mi ọrùn. Ṣùgbọ́n dókítà fa àga, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi o. Ohun tí a fi síbẹ̀ yìí, wọn ò bí yín mọ́ ọn. Ara lè gbà á, ó sì lè kọ̀ ọ́. Bí ibẹ̀ bá ń wú, tàbí omi ń yọ lójú abẹ, bí ibà bá dé, tàbí ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, tàbí oorun tí ẹ ò mọ ìdí rẹ̀, tàbí ọwọ́ yín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ má dúró mu omi. Ẹ máa bọ̀ níbí." Ìyá Búrẹ́kì ń mi orí tuntun náà pé òun gbọ́. Ọkàn rẹ̀ ti wà ní pápá.

Ìjà kan ṣoṣo ló kù nílé: wọn ò tí ì gbà á láyè kó wa ọkọ̀. Ta ló máa wa ọkọ̀ pupa náà dé pápá? Ó wo Télọ̀. Télọ̀ wo Ẹ̀gbọ́n pé kó gba òun.

"Àna mi," ni Ẹ̀gbọ́n wí, "ẹ lọ kọ́ ọ. Bóyá ariwo rẹ̀ á kúrò nílé yìí fúngbà díẹ̀."

Yàrá àlejò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àga méjì dúró fún ìjókòó iwájú, ọmọrí ìkòkò dúró fún sítíárìn, sálúbàtà mẹ́ta tí wọ́n tò sílẹ̀ sì ni kílọ́ọ̀ṣì, búrẹ́kì àti èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré. Télọ̀ tẹ sálúbàtà títí ó fi há a sórí. Nígbà tó gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n jáde sí pápá, aládùúgbò wọn kan tó ní mọ́tò ló ń bá wọn wa ọkọ̀ lọ tó sì ń wà á bọ̀, Ìyá Búrẹ́kì jókòó sí apá kejì níbi tí búrẹ́kì tirẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Ẹsẹ̀ tí ọkùnrin yìí ti fi ń wa maṣíìnì láti kékeré kò mọ̀ ju tẹ̀-jù-tẹ̀-jù lọ. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó ń jù ú sílẹ̀ ni ọkọ̀ ń fò síwájú bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣòkòtò kọ́ lẹ ń rán o! Ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ síbẹ̀!"

Ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ láìmọye ìgbà. Ó làágùn gba inú ẹ̀wù. Àmọ́ bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Lọ́jọ́ kan ó yí pápá ká pátápátá láìjẹ́ kó kú, ó pa gíà dà, ó yà ní kọ́nà, ó sì dúró jẹ́jẹ́ síbi tó ti gbéra. Ìyá Búrẹ́kì ké débi pé àwọn ẹyẹ tó wà lórí òrùlé ilé iṣẹ́ bíríkì tú yááyáá.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé fìlà òun ti ń tutù.

Ó ti tó ìgbà mélòó kan tó ti ń bá omi díẹ̀ nínú fìlà láàárọ̀, omi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó sì rùn díẹ̀. Á fọ̀ ọ́ ní balùwẹ̀, á sá a sẹ́yìn fèrèsé kí Ẹ̀gbọ́n tó jí. Ẹ̀fọ́rí náà ti dé, á lo oògùn, á sì pariwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí wọ́n má bàa fura. Ó ti gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Ohun tó gbọ́ yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Bó bá lọ, wọ́n á dá a dúró síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dúró dè é, orí sì ti róbótó.

Télọ̀ ló mú un. Ó ń bá a dé fìlà aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró.

"Fìlà yìí kì í há ọ báyìí."

"Omi ló mú un súnkì."

"Èmi ni mo ra aṣọ yìí. Kì í súnkì." Ó fa tépù rẹ̀ yọ lọ́rùn, ó wọ̀n ọ́n láti etí ọ̀tún dé àtàrí, ó tún wọ̀n ọ́n láti etí òsì. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀gbẹ́ òsì ti ju ọ̀tún lọ. Ó fẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí, ó gbóná janjan. "Gbéra, ká lọ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mu gíà mi tán."

Tíì ló fẹ́ sọ. Ife tíì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Télọ̀ àti Ẹ̀gbọ́n wo ara wọn. Nígbà tí wọ́n máa fi yíjú padà, obìnrin náà ti ń tòògbé lórí àga, ife ti dà sí i lára.

Ẹ̀gbọ́n pe ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ó ti lọ síbi ìjàǹbá kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹ̀gbọ́n sáré kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ní mọ́tò, kò sí nílé. Ó padà dé, ó ń ká ọwọ́ mórí, ó bá Télọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pupa lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin?" ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ bá mi gbé e."

Wọ́n gbé e síwájú, nítorí ó lajú díẹ̀, ó ní òun ò jókòó sẹ́yìn, ibi tí búrẹ́kì òun wà lòun ń lọ. Ẹ̀gbọ́n wọ ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó fi di orí àbúrò rẹ̀ mú kó má bàa máa gbọ̀n. Télọ̀ kò tí ì wa ọkọ̀ yìí jáde kúrò ní pápá rí. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ó kọrí sí títì.

Ọ̀nà ń wá bá a láti iwájú bí ẹni pé gbogbo mọ́tò ayé ló fẹ́ kí i. Ọlọ́kadà kan gba ọ̀tún, bọ́ọ̀sì ilé ìwé kan gba òsì, ẹnì kan fun fèrè mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ń gbàdúrà sókè, ó ń fi èébú há àdúrà náà láàárín.

"Dígí!" ni Ìyá Búrẹ́kì wí láìlajú. "Wo dígí! O ò gbọ́ ni? Gíà kejì, tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́ dáadáa!"

"Há! Ọkọ rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ o!" ni Ẹ̀gbọ́n ké.

"Akẹ́kọ̀ọ́ ni! Tí a bá délé á padà di ọkọ!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé òkè tó lọ sí ilé ìwòsàn. Àárín òkè gan-an ni ọkọ̀ akẹ́rù kan ti dúró níwájú wọn, ó ń yà sínú ọgbà kan. Télọ̀ tẹ búrẹ́kì, ọkọ̀ dúró, ó sì kú. Ó gbójú sókè wo dígí. Táńkà epo ńlá kan wà lẹ́yìn wọn, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́ńpà. Wọn ò tí ì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun òkè. Pápá ọ̀hún tẹ́jú pẹrẹsẹ ni.

"Màmá," ló wí, bó ṣe máa ń pe ìyàwó rẹ̀ bí nǹkan bá le, "òkè nìyí o."

Ìyá Búrẹ́kì lajú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé Ẹ̀gbọ́n ní láti dákẹ́ àdúrà.

"Fa búrẹ́kì ọwọ́. Ó dáa. Ta á, kó jí. Fún un ní epo díẹ̀ kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Rọra máa gbé ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì... rọra... bí ìgbà tó o fẹ́ rán ọrùn ẹ̀wù. Ó máa gbọ̀n. Tó bá gbọ̀n, ó ti gbá ilẹ̀ mú nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kó o wá tú búrẹ́kì ọwọ́."

Télọ̀ tẹ́tí. Ohun kan tó mọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ ni bí ènìyàn ṣe ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ. Ó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n. Ó tú búrẹ́kì ọwọ́. Ọkọ̀ pupa kékeré náà ró kìì, kò padà sẹ́yìn níwọ̀n èékánná, ó gùnkè!

"Ó lọ!" ni Ìyá Búrẹ́kì ké. "Ó lọ! Ọkọ mi ti gùnkè o!"

"Ó lọ o!" ni Ẹ̀gbọ́n náà gbè é, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ariwo yẹn kò tí ì tán tí ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Búrẹ́kì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó fi dé èjìká, tó fi dé ojú. Gìrì ti mú un. Ẹ̀gbọ́n kò jẹ́ kí orí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun. "Ẹ máa lọ, àna mi! Mo ti dì í mú! Ẹ máa lọ!" Télọ̀ wọ géètì ilé ìwòsàn, ó fun fèrè títí, ó ré kọjá ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, ó sì gba orí òdòdó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pàjáwìrì gan-an. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń sáré bọ̀ kó tó rántí pa á.

Ọyún ti gba abẹ́ irin náà. Kòkòrò ló bá ojú abẹ wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni dókítà ṣí i, ó yọ irin ọ̀hún kúrò, ó fọ ibẹ̀, ó sì rán awọ padà.

Nígbà tí Ìyá Búrẹ́kì jí, tó fọwọ́ kan orí, kòtò ti padà sáyè rẹ̀. Ó sunkún. Kò sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣubú. Ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fìlà tútù fún dókítà, ó ní ṣé òun lòun fa gbogbo rẹ̀.

"Bí ẹ bá tètè wá, oògùn nìkan ì bá tó, bóyá. Ó sì lè má tó. Mi ò lè fi ẹnu mi sọ èyí tí ì bá jẹ́," ni dókítà wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní ẹ dúró di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ níbí."

Ìyá Búrẹ́kì nu ojú. "Dókítà, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ̀yin ti ṣí tèmi lẹ́ẹ̀mẹta!" Inú ẹkún náà ni ẹ̀rín ti gbà á. Ó wá yíjú sí Télọ̀. "Àbí mo lálàá ni? Ṣé lóòótọ́ la gun òkè yẹn?"

Háà, kí ló fẹ́ gbọ́! Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti akẹ́rù, ó sọ ti táńkà, ó fi ẹsẹ̀ júwe kílọ́ọ̀ṣì lórí ilẹ̀ wọ́ọ̀dù. Ó sọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì, ó sọ ọ́ fún aláìsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni òkè náà ń ga sí i, táńkà náà sì ń sún mọ́ bọ́ńpà sí i. Nígbà tó di ti ẹnì kẹrin, Ẹ̀gbọ́n ní kí ó dákun, kó jẹ́ kí táńkà náà sinmi.

Ìtọ́jú gùn. Wọ́n ń fa oògùn tó ń pa kòkòrò sí i lára lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, wọ́n sì ní kí orí sinmi fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó tún dán an wò. Akoto padà sórí. Ṣùgbọ́n ilé náà kò tutù. Télọ̀ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà, ó yege. Lọ́jọ́ tó yege, ó gbé ìyàwó rẹ̀ àti Ẹ̀gbọ́n, ó mú wọn gba orí òkè ilé ìwòsàn lọ, ó bọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi irin kejì sí i, Ìyá Búrẹ́kì kò fi nǹkan kan pamọ́ mọ́. Bí orí bá yún un, á sọ. Lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ tún wú díẹ̀, ọkàn gbogbo wọn fò sókè, Télọ̀ sì ti gbé e dé ilé ìwòsàn kí Ẹ̀gbọ́n tó rí bàtà wọ̀. Dókítà yà á wò. Ó ní omi lásán ni, kò sí kòkòrò níbẹ̀, ara á fà á mu. Ara sì fà á mu lóòótọ́. Ibẹ̀ rọlẹ̀, irun hù bò ó, orí gba irin náà.

Nítorí gìrì ọjọ́ yẹn, ó ṣì ń lo oògùn, wọn ò sì tí ì gbà á láyè kó di sítíárìn mú. Ó dùn ún, kò purọ́. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Télọ̀ ló ń gbé ọkọ̀ dé pápá, tó sì ń jókòó sídìí búrẹ́kì kejì. Ìyá Búrẹ́kì ń ti ìjókòó ẹ̀yìn kọ́ wọn, ó ń na ọrùn láàárín ìjókòó méjèèjì.

Láàárọ̀ tí wọ́n tún pápá ṣí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sídìí ògiri. Ìyá Búrẹ́kì pàtẹ́wọ́ pé kí ẹni àkọ́kọ́ bọ́ síwájú. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, Ẹ̀gbọ́n ti là wọ́n kọjá, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí ọkọ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀?"

"Ṣé èmi ni mo máa máa jókòó sẹ́yìn, tí mo máa máa gbàdúrà títí ayé ni? Wọlé jàre. Àna mi, èwo ni kílọ́ọ̀ṣì nínú àwọn wọ̀nyí?"

Télọ̀ nàka sí i fún un. Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sórí koríko, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.